Ohùn Àwọn Àgbà Tí Wọ́n Jí ní Ochanja

Ilẹ̀kùn kò bàjẹ́. Fèrèsé kò fọ́. Háàdì dísìkì tí ohùn àwọn àgbà wà nínú rẹ̀ nìkan ni kò sí lórí tábìlì mọ́.

Ìnspẹ́kítọ̀ Rùkáyátù Ògúndáre dúró láàárín yàrá náà ládùúgbò Ochanja, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Ọmọ Òṣogbo ni, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló gbé e dé Onitsha. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ara rẹ̀ kú tipiri. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ṣá ni.

Dókítà Olútáyọ̀, tó ni ọ́fíìsì, jókòó sórí àpótí. Ó ṣàlàyé pé fásitì mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ṣí wá sí Onitsha: ọ̀kan ní Nàìjíríà níbí, ọ̀kan ní Gánà, ọ̀kan ní Jámánì. Àwọn onígbọ̀wọ́ òkè òkun ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀, aṣojú wọn yóò wá wo iṣẹ́. Bí kò bá bá ohùn kankan, ìgbọ̀wọ́ parí nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀ ló sì ti kú. Ta ni wọn yóò tún bi?

"Ẹ ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni?"

"Mo búra fún àwọn àgbà pé kò ní kúrò níbí títí ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò fi gbọ́ ti ẹni wọn. Sátidé náà la fi í sí. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè gbọ́. Òfin àwọn onígbọ̀wọ́ ni."

Rùkáyátù bi í bóyá ẹnì kan sọ ohun tí ará ilé rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ayé gbọ́. Olútáyọ̀ ronú. Ó ní Màmá Ọláòtán, ìyá télọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀, lé òun jáde, ó dá ọ̀rọ̀ sọ fún ẹ̀rọ. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, òun gbọ́ tí ó ń sunkún, tí ó ń pe ẹnì kan ní Eyínfúnjowó. Òun kò mọ ẹni náà, òun kò sì tíì gbọ́ ìyókù nítorí òun búra fún un pé ìdílé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Màmá ti kú lóṣù tó kọjá.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni nǹkan náà sọnù. Mọ́ńdè Onitsha kẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ajìjàgbara ní kí kálukú jókòó sílé! Kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí ọjà, Upper Iweka tí ọkọ̀ máa ń kún pàápàá dá wáí. Kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mama Nkechi, ìyàwó onílé, jókòó sẹ́nu géètì láti àárọ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó fi Ìgbò búra fún Rùkáyátù pé àlejò kankan kò wọlé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹni tí Olútáyọ̀ kọ́kọ́ fura sí ni Gbóyèga, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ti jà lórí pé wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sínú iṣẹ́ náà. Gbóyèga kò sẹ́ ìbínú rẹ̀. Àmọ́ Asaba, ní òdìkejì odò, ló ń gbé. Ó ní ta ni yóò gbé òun kọjá afárá lọ́jọ́ Mọ́ńdè? Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé jẹ́rìí pé ayò ni àwọn jọ ń ta títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ku Tìmí, tí fásitì Jámánì rán wá, tó wọ̀ sọ́dọ̀ onílé. Òun ti ń yọ Olútáyọ̀ lẹ́nu pé kó tètè fi ohùn náà ránṣẹ́. Tìmí fúnra rẹ̀ tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí ìdílé kò bá tíì fọwọ́ sí i, fásitì òun kò ní fọwọ́ kàn án. Kí lòun fẹ́ fi olè ṣe? Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́.

Kọ́kọ́rọ́ kẹta, tí Olútáyọ̀ fi pamọ́, ń bẹ lẹ́yìn dígí Fàdìlàt, ìyàwó Ọláòtán, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ ọ́fíìsì. Ó ń di irun lọ́wọ́, ìka rẹ̀ kò dúró. Ó ní oníbàárà èyíkéyìí ló lè mú kọ́kọ́rọ́ náà. Rùkáyátù bi í bóyá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ ohun tó bá ẹ̀rọ sọ fún un.

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi? Àwọn àti Eyínfúnjowó wọn ti lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Rùkáyátù ṣe àmín, ó jáde.

Lẹ́yìnkùlé, Ọláòtán ń wa máṣíìnì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ọ̀gá, ohùn ìyá mi nìkan ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ dákun, ẹ bá mi wá a."

Rùkáyátù bi í ta ni Eyínfúnjowó. Ó ní òun kò gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ rí nílé yìí. Ǹjẹ́ bàbá rẹ̀ ní àbúrò? Ó ní ẹyọ kan, eyín rẹ̀ funfun nínú fọ́tò. Ogun ló gbé e lọ. Màmá kì í mẹ́nu bà á. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, ńṣe ni Màmá máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Rùkáyátù pa dà sí ṣọ́ọ̀bù. Òun náà ti ṣe ìyàwó ilé rí. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́; yóò fún un ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni orúkọ náà sì ti ń jáde. Ó ní kí oníbàárà yọ̀ǹda wọn, ó pe Olútáyọ̀ wọlé.

"Ìyá Ayọ̀, ọkọ yín tí wọ́n bí sílé yìí kò gbọ́ Eyínfúnjowó rí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Dókítà ti gbọ́ ọ. Níbo lẹ̀yin ti gbọ́ ọ?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fàdìlàt jókòó. Ó fa háàdì náà jáde láàárín àwọn àtáṣímẹ́ǹtì.

Ó ní ilé ti dá jù látìgbà tí Màmá ti kú. Ó ti máa ń rí bí Gbóyèga ṣe ń ṣí ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí àwọn ará ilé ń sun oorun ọ̀sán, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó gòkè lọ, kó sáà lè gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀. Ohun tó gbọ́ kì í ṣe ohun tó wá gbọ́. Ló bá gbé e, ó fi kọ̀ǹpútà Ayọ̀ ọmọ rẹ̀ pa ti Màmá nìkan rẹ́, ṣùgbọ́n kó tó rí àyè dá a pa dà, wọ́n ti pe ọlọ́pàá.

"Màmá ní Bàbá kọ́ ló bí ọkọ mi. Àbúrò Bàbá ni. Ọkọ mi ń fi sàréè bàbá rẹ̀ búra lójoojúmọ́, ẹ wá fẹ́ gbé ìyẹn fún gbogbo ayé gbọ́?"

Olútáyọ̀ so háàdì mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohùn àwọn àgbà yòókù pé síbẹ̀. Sátidé kò ní bàjẹ́. Ó sunkún bí ọmọdé, ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́.

Ọláòtán ti gbọ́ pé wọ́n rí i. Ó sáré wọlé, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó béèrè ti ìyá rẹ̀.

"Èmi ni mo jí i," ni Fàdìlàt wí. "Mo ti pa ti Màmá rẹ́."

"Nítorí kí ni?"

Fàdìlàt mi orí. Ọláòtán yíjú sí ọlọ́pàá. "Ọ̀gá, nítorí kí ni?"

Àyà Rùkáyátù dùn ún débi pé ó di tábìlì mú. Ó ní ìyàwó rẹ̀ kò sọ fún òun.

Ọláòtán jókòó sórí àga oníbàárà. Kò pariwo. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni Màmá ṣe fún un tó fi kórìíra wọn tó bẹ́ẹ̀. Fàdìlàt bẹ̀rẹ̀ sí í kó irun tó wà nílẹ̀.