Ẹ̀jẹ́ tí Sulochana Jẹ́ ní Ẹsẹ̀ Ère

Ọjọ́ tí Dharani kọ́kọ́ rí Sulochana, ojú méjèèjì lọmọbìnrin náà dì, ó sì lẹ̀ mọ́ àpáta bí ẹni pé àpáta fẹ́ sá lọ. Àárín àtẹ̀gùn òkè tí ère òkúta ńlá Bahubali, ẹni mímọ́ wa, dúró sí lórí ni, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti wọ bàtà, tí òkúta sì ń jó ni lẹ́sẹ̀. Kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀.

"Arẹwà, ṣé ẹ fẹ́ gbé òkè yìí lọ sílé ni?"

"Ẹ má bá mi ṣàwàdà, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa ṣubú!"

"Ẹ jókòó, kí ẹ fi ìdí sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi àgbà náà ń ṣe é."

Ó fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, tòun ti aṣọ tuntun. Dharani ń lọ níwájú rẹ̀ kó má baà rí bí ìsàlẹ̀ ṣe jìn tó. Kí wọ́n tó délẹ̀, ọmọbìnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín, ìfẹ́ sì ti kó sí Dharani lórí.

Iṣẹ́ ìdílé Dharani ni láti so ọparun yí ère ńlá náà ká, láti ẹsẹ̀ dé orí, ní ọdún méjìlá-méjìlá tí a bá fẹ́ fi wàrà wẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án, Sulochana á gbé omi àgbọn wá fún un ní ìsàlẹ̀ òkè.

"Ṣé ẹ̀rù kì í bà ọ́ lókè yẹn ni?"

"Ó ń bà mí o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń so kókó mẹ́ta níbi tí àwọn yòókù ti ń so méjì."

Nígbà tí Adiraja, bàbá Sulochana, gbọ́, ó ránṣẹ́ pe Dharani. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí jábọ́ lórí igi àgbọn, tí kò sì dìde mọ́. Látìgbà náà, bàbá yìí kì í gbójú sókè.

"Ṣé wàá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òun nìkan ni mo mọ̀."

"Má dé ilé mi mọ́ nígbà náà. Ojú mi ti rí ọ̀kan."

Sulochana sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ohun tó dùn ún jù ni pé ohun tó ń ba bàbá rẹ̀ lẹ́rù ń ba òun náà lẹ́rù.

Ọjọ́ ìwẹ̀ pé, Sulochana sì di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó dijú gun àtẹ̀gùn dé ẹsẹ̀ ère. Wàrà ń ṣàn láti orí ère, ó ń gba ara ìtàkùn tí wọ́n gbẹ́ sí itan rẹ̀ kọjá. Dharani wà lókè pátápátá, ó ń gba ìkòkò lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Lójijì, ọparun kan ya. Pèpéle tí Dharani dúró lé dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkòkò ń já bọ́, Dharani sì ń fi apá kan rọ̀.

Adiraja fọwọ́ bojú. Sulochana ṣubú lé ẹsẹ̀ ère, níbi tí ọmọ ìka kan ti tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

"Bahubali! Bó bá sọ̀ kalẹ̀ láàyè, mo fi ayé sílẹ̀! Màá fọwọ́ fa irun orí mi tu, màá wọ aṣọ funfun, mi ò ní fẹ́ ẹ mọ́!"

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Dharani sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè, apá rẹ̀ nìkan ló bó. Ó na ọwọ́ sí Sulochana, ọmọbìnrin náà sún sẹ́yìn.

"Má fọwọ́ kàn mí."

"Sulo, èmi ni."

"Mo mọ̀. Mo ti fi ìfẹ́ wa ra ẹ̀mí rẹ."

Ìgbà tó ń rọ̀ lókè, ẹ̀rù ò ba Dharani tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Sulochana lọ bá ìyá àgbà kan nínú àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n ti fi ayé sílẹ̀. Màmá fi ìyẹ́ ọ̀kín gbálẹ̀ kó má baà jókòó lé èèrà, ó sì gbọ́ ọ títí dópin.

"Ta lo bá dúnàádúrà?"

"Bahubali ni, Màmá."

"Ṣé ó dá ọ lóhùn?"

Sulochana mi orí pé rárá.

"Ọmọ mi, ẹni tó ní ìjọba tó jù ú nù, tó dúró títí ìtàkùn fi gun ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi irun orí rẹ ṣe? Ẹ̀rù ló lé ọ wá síbí. Gbé ìkòkò kan, gòkè, kí o dà á sí i lórí. Wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí o bá rí i pé ó ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ, padà wá, màá gbà ọ́."

"Màmá, mi ò lè gun ibi gíga!"

"Mo mọ̀."

Wọ́n ti tún ọparun ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, Sulochana ròyìn ọ̀rọ̀ Màmá fún Dharani, ó sì gbéra, Dharani gbé ìkòkò wàrà tẹ̀ lé e.

"Má wo ìsàlẹ̀."

"Mi ò wo ibì kankan!"

"Eléyìí kò mà ṣeé fi ìdí gùn o."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọparun ti ya, Dharani dá a dúró.

"Kókó àkọ́kọ́ tú níbí. Ìkejì náà tú. Wo ìkẹta."

Sulochana fọwọ́ kàn án. Ó le dan-in dan-in, ẹ̀jẹ̀ Dharani sì ti gbẹ mọ́ ọn lára.

Lókè, ó la ojú. Ojú òkúta náà fẹ̀, ó tutù, ó ń wo ibi tó jìnnà ré kọjá orí àwọn igi àgbọn. Kò retí ohunkóhun. Sulochana da wàrà náà sí i lórí.

"Dharani, ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

"Èmi náà."

"Bí mo bá fẹ́ ọ, bí ẹ̀rù á ṣe máa bà mí nìyí lójoojúmọ́."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná!"

Nísàlẹ̀, Adiraja fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí ọparun mú, ó gbójú sókè, kò sì ṣẹ́jú. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kan ilẹ̀, kò lè jọ̀wọ́ ọparun náà. Ìka rẹ̀ ń wá kókó tó wà níbẹ̀ kiri: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

"Ṣé bó o ṣe so gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá."

Oòrùn ti ń lọ sílé. Láàárín wa, ẹnu kì í kan oúnjẹ tí oòrùn bá ti wọ̀. Bàbá náà nu ojú rẹ̀.

"Kí lẹ tún ń dúró wò? Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Àna mi, ó yá, wá jẹun nílé."