Ọwọ́ Tó Kú Ṣáájú Ìdánwò

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Alágídí lẹ́ẹ̀kẹta, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ó gbọn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni ń gbọn omi dànù. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e kò mọ nǹkan kan lára. Ìdánwò àṣekágbá sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Alágídí láti ìgbà tó ti kọ̀ jálẹ̀, lọ́mọ ọdún mẹ́rin, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé òun sọdá títì. Aránṣọ ni ìyá náà. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn iṣan líle tó so eegun ẹ̀yìn pọ̀ ti nípọn, wọ́n ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀, bó bá sì dúró pẹ́, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí iná. Ó lè jókòó ránṣọ, àmọ́ kò lè dúró gé e mọ́.

Ni ọmọ bá gba sísọ́ọ̀sì. Lójoojúmọ́ tó bá ti ilé-ìwé dé, aṣọ ilé-ìwé tó yi bí awọ ló ń gé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀, ó pa á mọ́ra. "Aláìsàn kan tó nínú ilé kan," ló ń sọ fún ara rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi sọ ọ́.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kò-Sí-Wàhálà bá a gbé bírò náà. Kò sí ọ̀ràn tí ọmọkùnrin yìí ò ní ọgbọ́n fún.

"Mo ti ń wò ẹ́ láti ọjọ́ yìí," ó rọra sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tọ́wọ́ ẹ̀ yá. Òun lá bá ẹ jókòó ṣèdánwò náà. Ìwọ sáà fún un ní káàdì ìdánwò ẹ, kó o lọ sùn sílé."

Alágídí gba bírò rẹ̀, ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi rò ó, kò sì lè purọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò wọ òun lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kẹta, sísọ́ọ̀sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gún un lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè."

Ó bá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, àtọwọ́ tó kú, àtọ̀rọ̀ Kò-Sí-Wàhálà.

"Ṣé o fẹ́ kẹ́ni yẹn bá ẹ ṣe é?"

"Rárá, mà. Ìka mi ló kú, ọpọlọ mi ò kú. Mi ò ní jókòó sílé kí ẹlòmíì lọ máa jẹ́ èmi."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ọdún mẹ́ta lèmi fi ń sọ pé ẹ̀yìn mi ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ náà rí bí mo ṣe ń rìn. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Gbé sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀."

Ní ọsibítù, dókítà fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ pẹ́rẹ́, ìrora sì ta á dé orí ìka.

"Ihò tóóró kan ni iṣan ìka ń gbà kọjá níbí," obìnrin náà sọ. "Ibẹ̀ ti wú, ó ti há iṣan náà mọ́. Ká ní o tètè wá ni, ìsinmi nìkan ì bá tó."

Ó de ọwọ́ náà mọ́ pátákó pẹlẹbẹ kan, ó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì mọ́, ó sì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fún un ní àfikún àkókò nínú ìdánwò.

Ọ̀gá ilé-ìwé ka lẹ́tà náà, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "A ò ṣe irú ẹ̀ rí níbí. Dúró di ọdún tó ń bọ̀."

Alágídí ò kúrò níbẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sábẹ́ lẹ́tà yẹn pé ẹ ò gbà, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú. Màá mú un lọ fáwọn tó ń ṣètò ìdánwò fúnra mi."

Ọ̀gá fa lẹ́tà náà mọ́ra padà. "Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Mo fẹ́ ṣèdánwò mi ni."

Ọ̀gá tún lẹ́tà náà kà. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ sáwọn tó ń ṣètò ìdánwò, wọ́n sì fún ọmọ náà ní àfikún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí iṣẹ́ ìdánwò kọ̀ọ̀kan.

Ìdánwò náà ò rọrùn. Ìkọ̀wé rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ó ń kọ ìlà mẹ́ta, ó ń sinmi. Ìyá rẹ̀ kọ̀ láti gba iṣẹ́ aṣọ tó pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ, àwọn oníbàárà kan sì bínú lọ. Nígbà tí èsì jáde, Alágídí yege nínú iṣẹ́ méje, ó fìdí rẹmi nínú ọ̀kan. Ó fi orúkọ sílẹ̀ láti tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an.

Títí dòní, àtàǹpàkò rẹ̀ ò tíì jí tán, ó sì mọ̀ pé oṣù mẹ́rin tóun fi dákẹ́ ló fà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe pe pípa ìrora mọ́ra ní ìwà akínkanjú. Ẹ tètè sọ̀rọ̀ fẹ́ni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gba àyè yín, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ má sì dìde lórí àga yín.