Àjà Yàrá Jesse Dán Jù

Naomi jí láàárọ̀ Sátidé. Kò sẹ́ni tó kí i.

Mọ́mì rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú Mọ́mì pọ́n bí epo.

Dádì rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ bàtà sẹ́sẹ̀ kan. Ó wọ sílípáàsì sẹ́sẹ̀ kejì.

Èmi ńkọ́? Èmi ni ìyá Mọ́mì. Láti Ọ̀kà ni mo ti wá sí Ìkàrẹ́, kí n lè máa wẹ ọmọ tuntun. Màmá Ọ̀kà ni wọ́n ń pè mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo pàdé ẹnì kan lẹ́yìnkùlé. Mo tẹríba. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" ló dá mi lóhùn. Ewúrẹ́ ni!

Àìsùn ló fà á, ẹ̀yin ọmọ mi. Àìsùn ni.

Ọmọ tuntun náà ń jẹ́ Jesse. Ó kéré. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tóbi!

"Wáà! Wáà! Wáàààà!"

Ó rẹ Mọ́mì. Ó rẹ Dádì. Ó rẹ èmi náà dé eegun ìdí.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ṣeré," ni Naomi wí.

"Tó bá yá, ọmọ mi." Mọ́mì yán. Háààà!

"Dádì, ẹ wá wo ilé tí mo fi òkúta kọ́."

"Tó bá yá." Dádì yán. Háààà!

"Màmá Ọ̀kà, ẹ pa àlọ́ fún mi."

Mo la ẹnu láti sọ pé "Ààlọ́ o!" Háààà! Èmi náà yán.

Naomi lọ bá Jesse. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Jesse, jọ̀ọ́, sùn. Bí o bá sùn, Mọ́mì á sùn. Bí Mọ́mì bá sùn, á tún rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Mọ́mì ti rẹ́rìn-ín."

"Wáà!" ni Jesse wí.

A fún un lọ́mú. Ó mu, ó yó. "Wáà!"

A pààrọ̀ nápí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ gbẹ. "Wáà!"

Mo fi àdín ra á níkùn. Mo fi èdè Ọ̀kà bẹ̀ ẹ́. Mo fi ti Ìkàrẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Wáà!"

A fa kọ́tìnì bo fèrèsé. Yàrá gbóná bí ààrò. A tún ṣí i. "Wáà!"

Mo gbé e pọ̀n. Mo fi ọ̀já gbá a mọ́ra. Imú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn.

Fín-ín... fín-ín... Jesse sùn!

Mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo rọra tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ojú lókè, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa.

Jesse la ojú. Ó wo òkè.

"Wáàààà!"

Mo tún pọ̀n ọ́n. Fín-ín... fín-ín... Mo tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Wáàààà!"

"Ẹ̀yìn mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì o!" ni mo kígbe. "Ẹ̀yìn arúgbó ni! Ó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja!"

Naomi ń wò wá. Ó ń ronú.

"Lẹ́yìn Màmá Ọ̀kà, ó ń sùn. Lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í sùn. Kí ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Ó fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì. Ó rọ̀. Ó gbé ìrọ̀rí. Kò sí èèrà níbẹ̀.

Ló bá gun bẹ́ẹ̀dì. Ó dùbúlẹ̀ bíi ti Jesse. Ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ojú lókè.

"Yéè! Ojú mi!"

Naomi fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Oòrùn wà lókè! Oòrùn wà nínú àjà!"

"Oòrùn kẹ̀?" ni Dádì wí. "Nínú ilé?"

"Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ wò ó."

Dádì dùbúlẹ̀. "Yéè!"

Mọ́mì dùbúlẹ̀. "Yéè!"

Èmi náà dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ké, "Kẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Mo wo òkè. "Yéè, orí mi o!"

Òótọ́ ni. Oòrùn gba fèrèsé wọlé. Ó bọ́ sára àjà. Àjà sì dán gbinrin. Ló bá ń ta oòrùn padà sí wa lójú. Yẹ̀rì! Yẹ̀rì! Yẹ̀rì!

Lálẹ́, iná yàrá náà ń ta bẹ́ẹ̀. Àwa tí a dúró, àwa tí à ń rìn, a ò rí i. Àjà ni Jesse ń wò ṣáá. Kí ni ọmọ ọwọ́ tún fẹ́ wò?

Ta ló kun àjà yẹn? Dádì ni, kí wọ́n tó bí Jesse. Ọ̀dà dídán ló fi kùn ún.

Gbogbo wa la pariwo nígbà yẹn. "Kó dán o! Kó dán dáadáa!" Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Ní Ọ̀kà, nígbà tí mo wà lọ́mọge, a máa ń fi òkúta odò ra ilẹ̀ yàrá. A óò ra á, ra á, títí á fi dán bí ojú omi. Bí ilẹ̀ ilé kò bá dán, wọn á ní ọ̀lẹ ló ń gbébẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ là ń ra o! Ta ló gun òkè àjà lọ ra nǹkan?

"Màá tún un kùn," ni Dádì wí. Àmọ́ kò dìde. "Ó mà rẹ̀ mí o."

Naomi fà á lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́."

Mọ́mì pọn Jesse, ó dúró sílé. Dádì, Naomi, àtèmi wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà. Wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́.

Ìyá Awwal ló ni ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o!" ló fi kí wa.

"Ẹ ṣé o," ni mo wí. "Ọwọ́ ń bẹ lómi. Ojú ni kò rí oorun."

"Ọ̀dà funfun la fẹ́, ti àjà," ni Dádì wí.

Ìyá Awwal kó pátákó kéékèèké tó ti kùn jáde.

"Èyí dán gan-an. Èyí dán díẹ̀. Èyí kò dán rárá. Funfun ni gbogbo wọn. Èyí tó dán gan-an ni àwọn èèyàn ń rà jù."

Dádì dúró, ó wò wọ́n. "Ìkan náà ni gbogbo wọn lójú mi."

Èmi náà dúró, mo wò wọ́n. "Èyí tó dán yìí mà wù mí o..."

Naomi wò mí. Mo pa ẹnu mi mọ́. Pẹ́nkẹ́.

"Jesse kì í dúró wo àjà," ni Naomi wí. "Màmá Ọ̀kà, ẹ dùbúlẹ̀."

"Níbo?"

"Lórí bẹ́ńṣì yẹn."

"Níwájú ṣọ́ọ̀bù? Kí gbogbo Ìkàrẹ́ máa wò mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó dáa. Mo dùbúlẹ̀. Bẹ́ńṣì kúrú, mo gùn. Orí mi yọ níhìn-ín, ẹsẹ̀ mi yọ lọ́hùn-ún.

Ọlọ́kadà kan dúró. Kíì!

"Màmá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, ọmọ mi. Àjà là ń wò."

Ó gbójú sókè. Sánmà ló rí. "Àjà dà?"

"Ó ń bọ̀!"

Ìyá Awwal rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí gálọ̀nù ọ̀dà.

Dádì na pátákó tó dán gan-an sókè orí mi. Oòrùn ta láti ẹ̀gbẹ́. Yẹ̀rì!

"Yéè! Gbé e kúrò!"

Ó na èyí tó dán díẹ̀. Yẹ̀... rì.

"Èyí ń ṣẹ́jú sí mi. Bí ọmọkùnrin tó ń wá ìyàwó!"

Ó na èyí tí kò dán rárá.

Mo wò ó. Kò ta sí mi lójú. Kò ṣẹ́jú. Ó kàn wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹ̀kọ tútù nínú abọ́.

"Màmá Ọ̀kà?"

Ojú mi ti pa dé.

"Màmá Ọ̀kà! Ẹ ti ń sùn!"

"Ta ló ń sùn?" Mo nu itọ́ ẹnu mi. "Mo ń ronú ni!"

"Èyí la máa rà," ni Naomi wí. "Èyí tí kò dán rárá."

"Bí ọ̀dà dídán tí ẹ rà lọ́jọ́sí bá kù nílé, ẹ má sọ ọ́ nù o," ni Ìyá Awwal wí. "Ẹ fi kun àjà kíṣìnì. Bí èéfín bá bà á, ẹ ó kàn fi rágì nù ún."

"Kò sì sẹ́ni tó ń sùn ní kíṣìnì," ni Naomi wí.

"Èmi sùn síbẹ̀ lánàá," ni mo wí. "Lórí ìdúró. Mo di ṣíbí ọbẹ̀ mú."

Kí n tó dìde lórí bẹ́ńṣì yẹn, èèyàn méjì ló fà mí. Ìbàdí mi dún. Kẹ́kẹ́!

A délé. Dádì gun àkàbà. Ó kọ́kọ́ fi sáńpépà ha àjà, kí ọ̀dà tuntun lè dì í mú. Wáṣá, wáṣá, wáṣá. Ìyẹ̀fun funfun bo irun rẹ̀.

"Dádì ti di bàbá àgbà!" ni Naomi wí.

"Mo ti dà á tipẹ́, láti ìgbà tí Jesse ti dé," ni Dádì wí.

Ó wá fi rólà kun ọ̀dà. Ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀. Ó sinmi. Ó yán. Ó tún kùn. Ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀.

Ó parí! Mo gbé Jesse, mo fẹ́ wọlé.

Naomi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó na apá. "Rárá o, mà. Ọ̀dà ń rùn."

A dúró. A ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́. Fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́.

A gbé Jesse sí pálọ̀. Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. "Wáà!" Mo pọ̀n ọ́n, mo rìn. Mọ́mì pọ̀n ọ́n, ó rìn. Dádì pọ̀n ọ́n, ó rìn. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tún ṣú, ilẹ̀ tún mọ́.

Ó rẹ Mọ́mì. Ó rẹ Dádì. Tèmi? Ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Naomi fi imú gbóòórùn yàrá. Sìn-ìn, sìn-ìn. Kò rùn mọ́.

Ó kọ́kọ́ wọlé. Òun nìkan. Ó dùbúlẹ̀ síbi tí Jesse ń sùn sí. Ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ojú lókè.

Oòrùn wà lójú fèrèsé. Oòrùn kò sí nínú àjà.

"Ẹ gbé e wá," ni Naomi wí.

Mọ́mì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó rọra tẹ́ ẹ.

Jesse la ojú. Ó wo òkè.

Kò sẹ́ni tó mí.

Jesse la ẹnu. Ó là á gbàgà!

Dádì di ojú rẹ̀. Mo di etí mi.

"Háààà..." ni Jesse wí.

Ó yán! Ojú rẹ̀ rọ̀. Ojú rẹ̀ pa dé. Fín-ín... fín-ín... fín-ín...

Mọ́mì wo Jesse. Ó wo Naomi. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan báyìí. Ló bá dùbúlẹ̀, ó sùn.

Dádì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó sùn sórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Èmi fara ti ògiri. Mo ní kí n kàn sinmi díẹ̀...

Kò! Kò! Kò!

Naomi ló ròyìn èyí tó kù fún mi. Ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, lórí ìka ẹsẹ̀. Bàbá Ládélé ni, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó gbé iṣu dání.

"Ẹ kú ọwọ́ lóm..."

"Ṣṣṣ! Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ padà wá lọ́la. Gbogbo ilé ń sùn."

Bàbá Ládélé tẹ́tí sílẹ̀. Gọ̀ọ̀ọ̀rr! Gọ̀ọ̀ọ̀rr!

"Hà! Ṣé ọmọ tuntun ló ń hanrun báyẹn?"

"Rárá o, sà," ni Naomi wí. "Màmá Ọ̀kà ni."

Ó gba iṣu. Ó dúpẹ́. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ó wá lọ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì. Mọ́mì ò la ojú. Ó na ọwọ́, ó fà á mọ́ra.