Ihò Gbọọrọ Lára Páànù

Ewúrẹ́ mọ́kànlá ló dúró yí Alàgbà Babáwálé ká nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá a nílẹ̀ nínú ilé ẹran ní àárọ̀ Sátidé. Kùrukùru ṣì bo pápá Floyd, ìletò kan lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, títí dé ọgbà ńlá tí ìjọ ti máa ń ṣe àpéjọ. Ọta ìbọn kan ti gba ara ògiri páànù wọlé, ó sì bá bàbá náà ní itan níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ ewúrẹ́ kan, tó ń fi ìgò fún un ní wàrà. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ìjọ wọn ní Dallas ti ń sọ pé Olúyọmí ló yìnbọn fún un.

Nọ́ọ̀sì ni Olúyọmí. Òun àti Ọláńrewájú, olórí akọrin, ni wọ́n ń bá bàbá ṣọ́ ewúrẹ́ lọ́wọ́ kòyótì, ẹranko bí ajáko tó ń pa ẹran jẹ ní agbègbè náà. Àwọn méjèèjì wà lórí pápá ní ìdájí ọjọ́ náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bàbá ti fi Olúyọmí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ìjọ pé ìbọn rẹ̀ gùn ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Òun náà fèsì pé, "Ẹ máa kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, sà." Èyí tó burú jù ni pé ọta tí dókítà yọ lára bàbá jẹ́ èyí tó wúwo. Nínú àwọn méjèèjì, Olúyọmí nìkan ló ń lo irú rẹ̀.

Sìdíkàt Adékọ́lá, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní ọ́fíìsì ṣẹ́ríìfù, ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè náà, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, obìnrin tí kì í tètè sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní àkókò di Wẹ́sidé láti yanjú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kan Olúyọmí lọ́jọ́ náà, láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, ọmọ tí Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ̀ máa bí lóṣù tó ń bọ̀ sì lè má bá bàbá rẹ̀ nílé.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Sìdíkàt lọ dúró níwájú ògiri páànù náà. Ihò ara rẹ̀ kò rí róbótó. Ó gùn gbọọrọ, bí ìgbà tí nǹkan tó rí ṣóńṣó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé dípò ẹnu. Ó fi ìka kan etí ihò náà, ó sì ya fọ́tò rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilé Olúyọmí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo yìnbọn lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, Aǹtí. Kòyótì kan ni, létí odò. Kòròfo ọta náà nìyí." Ó gbé ìkaraun idẹ kan tó ṣófo lé orí tábìlì.

"Kí lo ń fi kòròfo ṣe?"

"A kì í sọ ọ́ nù. Díákónì Enoch ló ń tún un dí fún àwa méjèèjì. Ó máa ń fi ẹ̀tù tuntun àti ọta tuntun sí i."

"O sọ fún bàbá pé wọ́n máa kábàámọ̀."

Ó dorí kodò. "Mo sọ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí kòyótì bá jẹ ewúrẹ́ wọn tán, wọ́n á wá mi wá. Ẹyin lọ̀rọ̀, Aǹtí. Ó ti bọ́, mi ò lè kó o."

Mojíbọ́lá já ọ̀rọ̀ náà gbà láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. "Aǹtí, ẹ wò ó dáadáa. Bí màmá mi bá pè é lórí fóònù, ó máa ń dìde dúró kó tó dá wọn lóhùn. Ṣé òun ló máa yìnbọn fún àgbàlagbà?"

Sìdíkàt fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra.

Ní ìlú Grapevine ló ti bá Ọláńrewájú, níbi tó ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní pápákọ̀ òfuurufú.

"Èmi ò yìnbọn rárá lọ́jọ́ náà," ni ó wí. "Kùrukùru pọ̀ jù. Ìbọn mi náà sì ti dàgbà jù mí lọ, Aǹtí, ọta fífúyẹ́ ló ń jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ò tún ní kọ́lọ́fín. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí."

"Mo mọ òwe yẹn," ni Sìdíkàt dáhùn. "Òwe tó yá jù ni."

Nígbà tó di ọ̀sán, ó dé gáréèjì Díákónì Enoch ní ìlú Allen. Díákónì jókòó ti òṣùwọ̀n kékeré kan, ó ń wọn ẹ̀tù ìbọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọn òògùn ọmọdé, ó sì ń fi imú kọrin ìyìn.

"Díákónì, èwo ló dára jù, ọta wíwúwo ni àbí fífúyẹ́?"

"Ìbéèrè Ọláńrewájú nìyẹn," ni ó wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojoojúmọ́ ló ń bi mí. Kò sí èyí tó dára jù, ọ̀gá. Èyí tó bá ìbọn mu ni. Gíréènì la fi ń wọn ọta, ìwọ̀n kan tó kéré bí hóró ọkà. Ti Olúyọmí jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ti Ọláńrewájú jẹ́ àádọ́ta péré."

"Kí ló fa ìyàtọ̀?"

"Inú ìbọn ni. Ilà wà níbẹ̀ tó lọ́ bí okùn, òun ló ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń lọ. Ilà ìbọn tuntun Olúyọmí lọ́ dáadáa, ó lè yí ọta wíwúwo. Ẹ wo bébà tó yìnbọn sí." Gbogbo ihò ara bébà náà rí róbótó. "Ti Ọláńrewájú kò lọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìbọn àtijọ́ ni."

"Bí wọ́n bá wá fi ọta wíwúwo sínú ti àtijọ́ yẹn?"

"Á wọlé, á sì dún. Ṣùgbọ́n ọta náà á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, á yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ ló sì máa fi balẹ̀."

Sìdíkàt rántí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Ìsẹ́yìn. "Bí òkòtó ńlá tí wọn ò ta dáadáa."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, ọ̀gá."

"Ta ló ti dá kòròfo padà fún yín láti Sátidé?"

"Ọláńrewájú. Ó kó tirẹ̀ fún mi lánàá lẹ́yìn ìsìn, bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò tíì tú u." Ó fa àpò kan jáde. "Ọ̀dà èékánná ìyàwó mi ni mo máa ń fi sàmì sí ìdí wọn. Pupa ni ti wíwúwo, búlúù ni ti fífúyẹ́."

Wọ́n tú àpò náà sórí tábìlì, wọ́n sì ń dojú ìdí wọn sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Búlúù. Búlúù. Búlúù. Ẹ̀kẹtàlá jẹ́ pupa.

Díákónì Enoch bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ní Túsìdeè, Sìdíkàt kó gbogbo wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Alàgbà Babáwálé ní ilé ìwòsàn. Ó gbé fọ́tò ihò páànù sórí aṣọ ìbora, ó sì gbé kòròfo kan tì í.

"Ọta mi ni," ni Olúyọmí fúnra rẹ̀ wí.

"Ọta rẹ ni, ìbọn rẹ kọ́. Ká ní ìbọn rẹ ló ti jáde, ihò róbótó ni à bá rí. Èyí fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, nítorí ìbọn tó yìn ín kò lágbára láti yí i. Ìbọn kan ṣoṣo ló rí bẹ́ẹ̀ lórí pápá ọjọ́ náà. Ẹni tó ni ín sọ fún mi pé òun ò yìnbọn rárá, ṣùgbọ́n àpò kòròfo rẹ̀ ni mo ti bá èyí." Ó yíjú sí olórí akọrin. "Ọláńrewájú, kíkó kòròfo jọ ti mọ́ ọ lára. Nínú kùrukùru, o mú un láìwo ìdí rẹ̀."

Ọláńrewájú ti kòròfo náà sẹ́yìn.

"Kòyótì ni mo yìn ín sí, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹran. Olúyọmí máa ń pa tirẹ̀ lọ́nà jíjìn. Mo rò pé ọta ló fi jù mí lọ, mo bá mú ẹyọ kan nínú páálí rẹ̀ ní gáréèjì Díákónì. Mo gbọ́ igbe Bàbá, mo sì sá."

"Ká ní o dúró, àṣìṣe ni à bá pè é," ni Sìdíkàt wí jẹ́jẹ́. "Ọjọ́ mẹ́ta lo fi ń wòran bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi."

"Mo dá orin lọ́jọ́ Àìkú," ni Ọláńrewájú wí. "Ohùn ò jáde."

Alàgbà na ọwọ́ sí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì bú u. Lẹ́yìn náà ni Sìdíkàt sọ fún Ọláńrewájú pé kí ó jẹ́ kí àwọn máa lọ, ó sì bá a lọ láìjanpata.

Bàbá yíjú sí Olúyọmí.

"Ẹnu mi ló gùn, ọmọ mi. Ìbọn rẹ ò ṣe nǹkan kan." Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn ọmọ ewúrẹ́ mi ń kọ́? Ìyàwó mi ní ẹnì kan ń wá fún wọn ní wàrà, kò sì jẹ́ kí òun dárúkọ rẹ̀."

"Èmi ni, sà," ni Olúyọmí dáhùn. "Láti Sátidé."