Ohùn Bàbá Nínú Fóònù Màmá

Bàbá wa kì í sọ gbólóhùn méjì láìwúkọ́. Ìdí nìyẹn tí ara fi fu mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù ìyá mi ní Jikwoyi, l'Ábùjá, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú. Ohùn náà ń lọ geere bí omi ẹ̀rọ. Kò tiẹ̀ dúró mí.

Àbúrò mi, Olúwakáyọ̀dé, ló ṣe é. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Wuse, ọgbọ́n rẹ̀ sì ti fẹ́ di àgbọ́njù. Lẹ́yìn ìsìnkú náà, ó ṣa gbogbo ohùn tí Bàbá fi ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù, ó kó wọn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì kọ́ bí Bàbá ṣe ń sọ̀rọ̀, ló bá gbé e sínú fóònù Màmá. Ó kàn fẹ́ kí Màmá tún rẹ́rìn-ín ni.

Màmá rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi pa oúnjẹ tì, tó pa ṣọ́ọ̀ṣì tì, tó ń di fóònù mọ́ etí láti àárọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé òun náà fẹ́ tẹ̀ lé Bàbá. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ ìjọba kí n lè máa ṣọ́ ọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ sínú báàgì.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ó ní kí n máa bọ̀," ó fèsì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo sáré pe Káyọ̀dé lórí fóònù tèmi. Ẹ̀rín ló fi ṣe.

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Kọ̀ǹpútà lásán ni. Ohun tí Daddy ò bá sọ rí, kò lè mọ̀ ọ́n."

Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀. Àfi bí fóònù Màmá, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣe sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Iredélé."

N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Hadassah ni Bàbá ń pe ìyá mi láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Lydia ni ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é.

"Ta ni Iredélé, Màmá?"

Ó jókòó. "Èmi ni. Orúkọ tí ìyá mi fi ń pè mí nìyẹn. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó kú. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà."

"Bàbá ńkọ́?"

"N ò sọ fún bàbá yín rí."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí a bá gbọ́ ìpè tí a ò rí ẹni tó pè, a kì í jẹ́ ẹ, kí a má bàa bá a lọ."

Káyọ̀dé ṣì wà lórí fóònù mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Àǹtí, ẹ bi Màmá bóyá wọ́n ti dáhùn ìpè náà."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ti fi orúkọ yẹn pè mí ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe bàbá yín," Màmá wí. Ó fa síìpù báàgì náà dé òpin. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jẹ́ ẹ."