Sìgá Ẹ̀yìn Òjò

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí. Ó jókòó nídìí tábìlì, ó ń wé sìgá lọ́wọ́, nígbà tí àjà ilé dún pàù lókè orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin kan yọ wálẹ̀ títí dé orúnkún, bàtà bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ náà, ó sì balẹ̀ sáàárín àwọn ewé tábà tó tẹ́ síwájú.

Ó wo bàtà, ó wo ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú ló wà lẹ́sẹ̀ náà, ẹnì kan sì ti fi òwú pupa rán ibi tó ti lu ní gìgísẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó kí ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ ṣé o," ohùn kan dáhùn láti òkè. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mi ò ṣe yín léṣe?"

"Rárá. Bàtà yín ló fẹ́ di sìgá."

"Ẹ má tíì wé e, ẹ jọ̀ọ́. Òun náà ni mo máa wọ̀ lọ sílé."

Kanlékanlé ni ọkùnrin náà. Bàbá ọmọbìnrin yìí ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, nítorí pé òrùlé ń jò, ìgbà òjò sì ti wọlé. Bàbá Onítábà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Kì í ṣe sìgá tín-ín-rín inú páálí ló ń tà. Odidi ewé tábà ni òun àti ọmọ rẹ̀ máa ń ká lé ara wọn, tí wọn á fi nípọn bí àtàǹpàkò. Ìyá ọmọ náà ti sùn nínú Olúwa tipẹ́tipẹ́. Ọwọ́ ọmọ yìí sì rọ̀ nídìí iṣẹ́ débi pé àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́.

Nígbà tí Kanlékanlé sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà láti wá tọrọ àforíjì, ó bá bàtà rẹ̀ lórí tábìlì, ó ti mọ́ tónítóní. Ó wo ẹni tó nù ún, ó sì gbàgbé gbogbo ohun tó fẹ́ sọ.

"Ta ló fi òwú pupa rán ìbọ̀sẹ̀ yín?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Ìyá mi ni."

"Kì í ṣe ìyàwó?"

"Kò tíì sí."

Ó tẹrí ba sídìí ewé rẹ̀ kí ọkùnrin náà má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. "Ẹ yáa tún àjà yẹn ṣe kí bàbá mi tó dé," ló wí.

Ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ibòmíràn tún wà tó fẹ́ yẹ̀ wò, nígbà tó sì yẹ̀ ẹ́ wò tán, ibòmíràn tún wà. Bàbá Onítábà ṣàkíyèsí.

"Kanlékanlé, ṣé òrùlé mi ń dàgbà ni? Ojoojúmọ́ lo ń bẹ lórí rẹ̀."

"Mo fẹ́ kí ó dára ni, sà."

"Hùn-ún," ni bàbá wí.

Ìṣe Bàbá Onítábà ni pé tí òjò bá ti dá ní ìrọ̀lẹ́, á gbé àga síwájú ilé, á mú sìgá kan ṣoṣo, á sì ṣáná sí i. Kì í mu ún nígbà mìíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó na ọ̀kan sí Kanlékanlé.

"Wò ó, ọmọ mi," ó ní. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé á gbẹ, iná á sáré jẹ ẹ́, ẹ̀fín rẹ̀ á máa ta ènìyàn lọ́nà ọ̀fun. Nígbà òtútù, ènìyàn á kàn máa fà á kíákíá kó lè wọlé lọ yáná, kò ní mọ adùn rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, ewé á mu omi, iná á máa kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òjò, tí afẹ́fẹ́ ti parọ́rọ́, ẹ̀fín á rọra máa gòkè bí àdúrà ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi máa ń retí òjò àkọ́kọ́ nítorí rẹ̀. Gbà."

Kanlékanlé kò gbà á. "Ẹ ṣeun, sà. Mo ti ṣèlérí fún ìyá mi. Tábà ni bàbá mi mu títí ó fi di ikọ́, ikọ́ náà ló sì mú un lọ."

Bàbá yí àga rẹ̀ padà. "Jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ nígbà náà," ó ní, "kí ẹ̀fín má bàa kàn ọ́."

Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà jókòó sí nírọ̀lẹ́ púpọ̀. Ó sì wá di ìrọ̀lẹ́ kan tí kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá, òrùlé yín kò jò mọ́. Ọmọ yín ni mò ń wá rí."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀?" Bàbá gbọn eérú sìgá rẹ̀ dànù. "Sìgá tí mo bá wé, n kì í tà á títí yóò fi la ìgbà òjò kan já, kó sì la ẹ̀ẹ̀rùn kan já. Òjò ń mú un wú, ẹ̀ẹ̀rùn ń mú un sán. Èyí tó bá la méjèèjì já, ọkàn mi balẹ̀ sí i. Ọmọ mi kò sì kéré sí sìgá. Ṣé o lè dúró?"

"Màá dúró, sà."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni yàrá kan wà tí wọ́n ń pè ní Yàrá Oorun, nítorí pé ibẹ̀ ni sìgá ti ń sùn nínú àpótí onípákó títí wọn á fi tó tà. Lábẹ́ òrùlé yàrá náà ni àlàfo kan wà tó gùn láti igun dé igun. Lójú Kanlékanlé, àìbìkítà ẹni tó kọ́lé ni. Nígbà tí bàbá lọ ra ewé ní ìlú mìíràn, ó ní kí òun fi oore yìí pàdé rẹ̀. Ó gun àkàbà lọ, ó fi pákó dí àlàfo náà, ó sì kàn án pa.

Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ ló di àkàbà mú. Láti kékeré ló ti mọ iṣẹ́ tí àlàfo yẹn ń ṣe. Ṣùgbọ́n Kanlékanlé ń kọ orin ìsìn lókè, ó ń ṣi ohùn mú, ó sì ń fi gbogbo agbára kọ ọ́. Ẹ̀rín ń pa ọmọbìnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbé ojú sókè wo ohun tí ọwọ́ ọkùnrin náà ń ṣe.

Òjò wá rọ̀ gidi. Bàbá dé, ó ṣí àpótí àkọ́kọ́, ó bá ebu funfun lára gbogbo sìgá inú rẹ̀. Ó ṣí èkejì, bákan náà ni. Ó gbé ojú sókè.

"Ta ló dí imú ilé mi?"

"Èmi ni, sà," Kanlékanlé wí. "Mo rò pé oore ni mò ń ṣe."

"Àlàfo yẹn ni yàrá fi ń mí nígbà òjò. Kó àkàbà rẹ, kí o máa lọ. Má padà wá."

"Bàbá," ọmọ rẹ̀ wí, "èmi ni mo di àkàbà mú."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kó má padà wá gan-an nìyẹn."

Ṣùgbọ́n ó padà wá. Tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, á dúró lẹ́nu géètì nínú òjò, á ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà." Bàbá kì í dáhùn. Á dúró díẹ̀, á gbàdúrà lọ́kàn, á sì máa lọ. Lọ́jọ́ kejì á tún dé.

"Bàbá, òjò ń pa á," Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ wí lójú fèrèsé.

"Kanlékanlé ni. Kó kan òrùlé lé ara rẹ̀ lórí."

Ọmọbìnrin náà mú agbòjò, ó jáde, ó sì dúró tì í.

"Wọlé lọ, adé mi," ọkùnrin náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òtútù á mú ọ."

"Tí o bá ń lọ, màá wọlé. Tí o bá dúró, mo dúró."

"Bàbá á bínú."

"Ó ti ń bínú tẹ́lẹ̀. Sún mọ́ mi dáadáa, apá rẹ ń tutù."

Bàbá wo àwọn méjèèjì lábẹ́ agbòjò kan náà títí. Níkẹyìn ó ṣílẹ̀kùn. "Ó dáa. Wá ṣí ohun tí o dí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ o."

Kanlékanlé ṣí i. Ṣùgbọ́n kò fi sílẹ̀ gbayawu bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó kan ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan sí àlàfo náà, ó so okùn mọ́ ọn, okùn sì wálẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ tó.

"Nígbà òjò, sà, ẹ fà á ṣí, yàrá á máa mí. Tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá dé, ẹ fà á pa. Ẹ ò ní gun àkàbà lọ fi àkísà dí i mọ́ pẹ̀lú orúnkún yín."

Bàbá fà á ṣí. Ó fà á pa. Ó tún fà á ṣí. "Ta ló sọ fún ọ pé orúnkún ń dùn mí?"

Kanlékanlé wo Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́. Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ wo ògiri.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń la ètè. Lọ́dọọdún ni sìgá máa ń sán nínú àpótí lásìkò yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fa okùn, wọ́n gbé abọ́ omi sílẹ̀ kí yàrá má bàa gbẹ jù, ẹyọ kan kò sì sán. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yẹn kọjá, bàbá pe Kanlékanlé wọlé. "O ti la méjèèjì já," ó ní. "Mo gbà. Ó ku ìyá rẹ."

Aránṣọ ni ìyá Kanlékanlé, opó tó fi abẹ́rẹ́ àti àdúrà tọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ilé tí ìyàwó ti ń bọ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Mo ti sin ènìyàn kan nítorí tábà," ó ní. "Kì í ṣe láti ilé yẹn." Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ lọ kí i.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́, mo rí i," ìyá wí. "Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, mo gbà ọ́ lónìí."

"Mà, tí mo bá ní mo gbọ́, irọ́ ni màá fi wọ ilé yín. Bàbá mi ti ń dàgbà, iṣẹ́ tó fi tọ́ mi nìyí. N kì í mu ún, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ̀fín rẹ̀ wọ ilé ọmọ yín láéláé. Ohun tí mo lè ṣèlérí nìyẹn."

"Kò tó."

"Mo gbọ́, mà. Màá tún wá kí yín."

Ó tún wá. Ó bá a gé òwú, ó bá a ká aṣọ, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà.

"Ọmọbìnrin yìí lágídí," ìyá wí fún ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò tíì rí nǹkan kan."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ parí, ìyá pinnu láti lọ sọ fún Bàbá Onítábà lójú kó pe ọmọ rẹ̀ padà. Ojú ọ̀run ṣú lọ́jọ́ náà. Bàbá ti gbé àga síta, sìgá rẹ̀ wà lọ́wọ́, ìṣáná wà lórí itan, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń retí àlejò. Kí ìyá tó la ẹnu, òjò àkọ́kọ́ ya lulẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ wọn jù ni wọ́n sá gbà wọlé, Yàrá Oorun sì ni.

Bàbá fa okùn, ọ̀rinrin sì gba ojú ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ náà wọlé. Òórùn ewé jí nínú àpótí, bí oyin, bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìyá dúró sójú kan. Ó fi ọwọ́ lé àyà.

"Òórùn ẹ̀wù rẹ̀ nìyí," ó ní.

"Ẹ̀wù ta ni, mà?"

"Ti ọkọ mi. Inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ló máa ń fi wọ́n sí kó tó ṣáná sí wọn. Tó bá wọlé, tó gbá mi mọ́ra, òórùn yìí ni mo máa ń gbọ́." Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ìbínú ni mo fi fọ ẹ̀wù yẹn nígbà tó kú. Mo fọ̀ ọ́ títí kò fi sí òun mọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀fín ló pa á, mo mọ̀, mi ò sì ní sọ pé kò pa á. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹ̀fín."

Òjò dá. Ìta parọ́rọ́, ilẹ̀ ń tú ooru, afẹ́fẹ́ kò mi ewé kan. Bàbá wo ìta, ó wo sìgá ọwọ́ rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò.

Ìyá nu ojú. "Ọmọ mi sọ fún mi pé gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn lẹ fi ń retí wákàtí yìí."

"Òótọ́ ni, mà."

"Ẹ ò ní mu ún?"

"Kì í ṣe lójú yín. Òjò mìíràn ń bọ̀."

Ìyá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ ti dúró tí kò lè wọlé, tí kò sì lè lọ.

"Alágídí, wá síbí. Ẹ̀fín kò ní wọ ilé?"

"Kò ní wọlé, mà."

"Ó dáa. Jókòó tì mí, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ń ro mí."

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀ nínú ilé Ọlọ́run, ó sì dá kí orin ìkẹyìn tó parí. Kanlékanlé ṣi ohùn mú nínú orin náà. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Bàbá Onítábà jókòó síwájú ilé ní òun nìkan. Ó fa sìgá ọjọ́ òjò àkọ́kọ́ yẹn yọ láti inú àpò, ó wò ó, ó sì fẹ́ dá a padà nígbà tó gbọ́ ìró àga tí wọ́n ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá ọkọ ni. Ó gbé àga rẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ó tẹ́ aṣọ lé itan, ó jókòó.

"Ẹ ṣáná sí i, àna mi," ó ní. "Òjò ti dá."