Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Tí Káfíńtà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kàn

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni aránṣọ ti wà nílé àbúrò rẹ̀. Ó gbálẹ̀, ó nu fèrèsé, ó ti ìkòkò tó jóná sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì tó ń ran àwọn aláìlera tó ń dá gbé lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ìkòkò yẹn ni mo fi ń gbé omi kaná."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o máa ń gbàgbé iná ni? Wọ́n á gbé ẹ lọ sílé àwọn arúgbó."

Káfíńtà ni àbúrò rẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó ti búra fún gbogbo ẹbí pé yàrá àti pálọ̀ tóun háyà yìí lòun máa gbé, òun ò ní lọ máa ṣe àlejò nílé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ yẹn ló sì mú un purọ́.

Ọmọbìnrin kan dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. "Bàbá, ṣé ẹ máa ń wẹ̀ fúnra yín?"

Káfíńtà lanu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já ọ̀rọ̀ gbà. "Bí ẹja ló ń wẹ̀!"

"Ṣé ẹ ti ṣubú rí?"

"Ṣubú kẹ̀? Ẹni tó ti ń gun òrùlé láti kékeré!"

"Ta ló ń bá wọn ka lẹ́tà tó bá wá láti ọ̀dọ̀ onílé?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni." Lẹ́tà mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú sì wà lábẹ́ tìmùtìmù tí aránṣọ jókòó lé gan-an.

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀ tó ń dán, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò nílò ìrànlọ́wọ́, ó sì lọ.

Káfíńtà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí. "Ọkùnrin tí ẹ ń ròyìn fún un yẹn mà wù mí o. Àdúgbò wo ló ń gbé?"

Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìbẹ̀wò yẹn, lọ́sàn-án, aránṣọ gbé ṣòkòtò tó bá a tún rán wá. Ó pè é, kò dáhùn. Omi ti ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ dé pálọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí díẹ̀, ó sì kọ̀.

"Ẹ má tì í mọ́," ohùn kan tó há wá láti ilẹ̀. "Orí mi lẹ ń tì."

Ṣòkòtò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. "Látìgbà wo lo ti wà níbẹ̀?"

"Láti àárọ̀. Mo pariwo títí. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo kan ilẹ̀kùn yìí, inú ni mo sì jẹ́ kó máa ṣí sí. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mo ń kàn mọ́bẹ̀."

Fèrèsé ni àwọn ará ilé fọ́ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ara rẹ̀ tutù bí òkú. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ká ní ó di ọjọ́ kejì ni, ohun mìíràn làwọn ì bá máa sọ. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin ọ́fíìsì gbọ́, tó sì wá sí ọsibítù, aránṣọ kò kí i. "Ìwọ lo kọ ọ́ pé kò nílò ìrànlọ́wọ́!"

Ọmọbìnrin náà ṣí fọ́ọ̀mù, ó sì kà á fún un. *Bí ẹja ló ń wẹ̀.* Ara aránṣọ bù máṣọ.

"Èmi náà jẹ̀bi, mà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Bàbá ló yẹ kí n bi, mo sì jẹ́ kí ẹ máa dáhùn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi òótọ́ pamọ́ fún mi?"

"Kí ẹ má baà gbé e lọ."

"Ká gbé wọn lọ? Áà! Kí àwọn aláìlera má baà kúrò nílé ara wọn ni wọ́n ṣe gbà wá síṣẹ́! A ó fi irin ìdìmú sí balùwẹ̀. A ó fún wọn ní aago tí wọ́n á fi kọ́rùn, tí wọ́n bá ṣubú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, á sì dún sí wa létí. Ẹnìkan á máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n á jọ ka lẹ́tà, wọ́n á jọ dáná. A kì í gba ilé lọ́wọ́ ẹni."

Ìgbà yẹn ló tó yé aránṣọ. Gbogbo ohun tó tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gan-an ni wọ́n wá wò.

Nígbà tí káfíńtà padà sílé, tí wọ́n tún wá, aránṣọ kò gbálẹ̀. Ìkòkò dúdú wà lórí tábìlì. Káfíńtà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n tú lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó kẹ́yìn ní kó wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun lórí ilé náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó kó jáde. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré!

"Yéè!" Aránṣọ di orí mú. "Èmi ni mo jókòó lé e!"

Ọjọ́ yẹn náà ni ọmọbìnrin ọ́fíìsì tẹ̀ lé káfíńtà lọ bá onílé, káfíńtà sì fọwọ́ síwèé.

Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ kan wá yí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ padà kó lè máa ṣí síta. Káfíńtà jókòó tì í. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ojú oorun lo ti kọ́ṣẹ́ ni? Gbé e sókè díẹ̀!" Ó dìde, ó fọwọ́ ọ̀tún ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde. Mo fẹ́ wẹ̀."

Aránṣọ jáde, ó jókòó ní pálọ̀, ó ń tẹ́tí. Omi ń dún. Nígbà tó yá, káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ohùn rẹ̀ ò dáa rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni yín kan tó ń dá gbé nínú àìlera, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ tó wà ládùúgbò yín. Bí wọ́n bá wá, ẹ fi ilé sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí aláìlera sọ tẹnu rẹ̀, kó sì sọ bó ṣe ń rí lọ́jọ́ tó burú jù. Ẹ tú lẹ́tà onílé lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹni tó bá ń tijú kó máa tijú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìtìjú tiyín ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn.